Àjà Tí Priscille Fẹsẹ̀ Gbọ́

Ọjọ́ méje gbáko ni ẹgbẹ̀ta iṣu fi sùn lórí àjà tí mo kàn sínú ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun ní Bantè, àjà náà kò sì tẹ̀ tó ìbú ìka kan. Mo máa ń lọ wò ó ní òwúrọ̀, mo tún máa ń lọ wò ó lẹ́yìn ìrun alásárì. Mo á na okùn láti ògiri kan dé èkejì lábẹ́ rẹ̀, mo á tẹjú mọ́ ọn, mo á rẹ́rìn-ín músẹ́. Iṣu ń sùn, igi ń sùn, èmi náà sì ń sùn dáadáa nílé mi.

Zoubérou ni orúkọ mi, iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni mò ń ṣe. Mùsùlùmí ni mí, ṣùgbọ́n Barthélemy tó jẹ́ olórí ìjọ náà ni ọ̀rẹ́ tí a jọ ń jí máńgòrò ká nígbà tí a wà ní kékeré, ta ni yóò tún gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún? Ó ní ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti kún, òun fẹ́ àjà pákó lókè lọ́hùn-ún lápá ẹ̀yìn, níbi tí ọgbọ̀n akọrin yóò ti máa dúró kọrin. Ó ní òun kò fẹ́ òpó kankan láàárín, kí ó má baà di ojú àwọn tó jókòó sísàlẹ̀. Mo ní kò burú. Mo na igi ìdábùú mẹ́ta láti ògiri dé ògiri, mo to pákó lé wọn lórí, mo kan àtẹ̀gùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló máa ń wòkè, tó máa ń wá òpó tì. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lẹ́jọ́, ó wù mí kí wọ́n máa wá a tì.

Ìdí tí a fi kó iṣu sórí rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa. Bí mo bá kan àká tuntun fún àgbẹ̀ ní Koko tàbí ní Lougba, iṣu náà ni a fi ń dán an wò. A ó kó o kún, a ó fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méje, bí kò bá tẹ̀, iṣẹ́ parí nìyẹn, kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àká tí mo ti kàn tó ogójì, kò sí èyí tó wó rí. Iṣu ìkórè sì ti ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lójoojúmọ́ nígbà náà, wọn kò ríbi kó o sí. Èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n kó o gun òkè. Mo ti rò ó dáadáa: ẹgbẹ̀ta iṣu wúwo ju ọgbọ̀n akọrin lọ, àní bí a bá fi Barthélemy àti ikùn rẹ̀ lé e.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ọ̀sẹ̀ ìkórè ni wọ́n kó iṣu náà kúrò, tí àwọn akọrin gun àjà láti lọ fi orin wọn dánra wò. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé, ó pọ́n, ó sì rọ̀, eruku tín-ń-tín dúró sínú rẹ̀ bí ẹni pé kò mọ ibi tó ń lọ. Wọ́n ń gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ funfun wọn, láìwọ bàtà gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, mi ò sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ kankan. Lójú mi ó dà bíi pé wọn ò tẹ pákó mi rárá.

Priscille ló gòkè kẹ́yìn. Ọmọ Barthélemy ni, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, òun ló ń rán aṣọ funfun fún gbogbo ìjọ. Ibà líle kan ló kó etí rẹ̀ lọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń kọrin, yóò jókòó sáàárín wọn, yóò máa wo ẹnu wọn, yóò pàtẹ́wọ́ nígbà tí kò yẹ, àwọn ọmọdé yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀, Àdìkẹ́, ní kí ó gun òkè wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ó dúró sí àárín àjà gan-an, ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé.

Wọ́n gbé orin. Ìlù dún, agogo tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi wà nísàlẹ̀, mò ń wo ojú Priscille láti ibi àtẹ̀gùn. Mo rí i tó yí orí padà kúrò lójú fèrèsé. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé èkejì. Lẹ́yìn náà ni ó ṣẹ́jú, tó la ẹnu díẹ̀, tó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì bá orin mu. Kò ṣì í mọ́. Ó ń jó, ó ń pàtẹ́wọ́, ojú rẹ̀ là kedere. Àdìkẹ́ bú sẹ́kún. Barthélemy, àgbà ọkùnrin, kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbalasa, ó sì fi orí kanlẹ̀.

Gbogbo ènìyàn ló ń wo ọmọ náà. Bóyá èmi nìkan ló wo igi.

Mo ti rìn wọ abẹ́ àjà láti nu ojú mi kí wọ́n má rí i pé mò ń sunkún. Mo gbójú sókè. Igi ìdábùú tó wà láàárín ń lọ sísàlẹ̀, ó ń padà sókè, bí àyà ẹni tó sùn. Ó rọra ń ṣe é, kò kánjú, ó sì dùn ún wò débi pé mo dúró tí mo ń wò ó kí ọkàn mi tó já. Okùn tí mo nà sílẹ̀ láti ọjọ́ iṣu ṣì wà níbẹ̀. Igi náà ń kọjá rẹ̀ ní ìbú ìka mẹ́ta, ó ń padà, ó tún ń kọjá rẹ̀. Ìyẹ̀fun igi ń bọ́ sílẹ̀ láti ibi tí ó ti wọ ògiri, ó ń tàn nínú oòrùn. Ìṣó ńlá kan tí mo fọwọ́ ara mi gbá wọlé ti yọ orí síta.

Ẹni tó bá ní mo máa ń panu mọ́ kò mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà mo panu mọ́. Wọ́n ń dì mọ́ ọmọ náà lókè, wọ́n ń dì mọ́ mi nísàlẹ̀, wọ́n ní ọwọ́ mi ni Ọlọ́run lò. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo gbá ìṣó náà padà wọlé nígbà tí wọ́n lọ tán, mo sì lọ sílé. Ojú tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Nígbà tó di ọjọ́ Mọ́ńdè mo gun kẹ̀kẹ́ alùpùpù mi, ó di Savalou. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi, Alàájì Soulé, ṣì wà láyé, ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé lábẹ́ òkè ńlá tó wà lẹ́yìn ilé wọn. Ìyàwó rẹ̀ kí mi ní èdè Mahi, mo dá a lóhùn ní èdè tiwa, bí a ti ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún. Ó fi ẹnu júwe ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé fún mi, ó sì bá ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ̀gá. Ó fara balẹ̀ gbọ́, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orí ọ̀pá.

"Iṣu mélòó ni?"

"Ẹgbẹ̀ta, ọ̀gá."

"Ọjọ́ mélòó ló lò níbẹ̀?"

"Méje."

Ó mi orí. "Ó dáa. Mélòó nínú wọn ló jó?"

Inú bí mi. Mo rin ìrìn àjò nínú ọyẹ́, ètè mi ti là, bàbá arúgbó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ọ̀gá, iṣu kì í jó."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ó wí.

Ó ní kí n gbé pákó gígùn kan wá, kí n gbé orí rẹ̀ méjèèjì lé bíríkì méjì, kí n jókòó sí àárín. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Pákó náà tẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Ó ní kí n máa jókòó lọ. Mo jókòó títí oorun fi ń kùn mí. Àdàbà kan ń ké lórí òkè, ìyàwó ọ̀gá ń ro ẹ̀fọ́ nínú ilé, ìmọ́lẹ̀ ọyẹ́ funfun bo gbogbo àgbàlá, ó dà bíi pé èmi àti pákó náà ti wà níbẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

"Bó o bá jókòó síbẹ̀ títí di ọdún tó ń bọ̀," ni ọ̀gá wí, "kò ní tẹ̀ jù báyìí lọ. Ó ti mọ̀ ọ́. Ó gbé ọ lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Wàyí o, máa fò díẹ̀díẹ̀, kí ìdí rẹ má kúrò lórí igi. Máa bá àtẹ́wọ́ mi lọ."

Ó pàtẹ́wọ́ kíákíá kíákíá. Mo ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe, pákó náà kò dá mi lóhùn. Ó pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́, ó jìnnà síra wọn. Pákó náà ń lọ, ó ń bọ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni ó wá pa á ní àárín méjèèjì, tó yí etí sí mi, tó ń ṣe é wéré sí i, tó ń fà á sẹ́yìn, títí ó fi rí ohun tó ń wá. Ẹ gbà mí gbọ́, ara mi kò ṣe jù bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n pákó náà gbà á lọ́wọ́ mi. Ó gbé mi sókè, ó jù mí sísàlẹ̀, ó tún gbé mi sókè sí i, ìdí mi sì kan ilẹ̀ gbì. Ìyàwó ọ̀gá yọjú, ó wò mí, ó padà sídìí ẹ̀fọ́.

"Ó ní ìgbà tirẹ̀ tó fi ń lọ tó fi ń bọ̀," ni ọ̀gá sọ. "Gbogbo igi tí a bá nà ló ní in. Ẹrù tó jókòó ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹrù tó ń jó, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá bá ìgbà náà mu, èyí tó kọjá ò ní tíì tán lára igi kí òmíràn tó dé. Yóò máa kún ni. Ọgbọ̀n ènìyàn á wá di ọgọ́rùn-ún lórí rẹ̀, ẹnì kan ò sì ní gòkè kún wọn."

"Kí ni kí n ṣe?"

"O ò mọ̀ ọ́n ni? Ti òpó bọ àárín rẹ̀. Ìgbà rẹ̀ á kúrú, ẹsẹ̀ wọn ò ní lè bá a mọ́. Àjà náà á dákẹ́."

Àjà náà á dákẹ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn gun kẹ̀kẹ́ láti Savalou dé Bantè. Kò sí ohun tí mo rí lọ́nà. Ojú ọmọ náà ni mò ń rí, bó ṣe yí i kúrò lójú fèrèsé.

Mo bá Barthélemy lábẹ́ igi kajú iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń ka iye àwọn tó ń bọ̀ láti Agoua àti Koko fún ọjọ́ ìkórè.

"Bati," mo pè é bí mo ti ń pè é láti kékeré, "àjà yẹn máa wó."

"Ta ló sọ ọ́?"

"Èmi tí mo kàn án."

Ó wò mí bóyá àwàdà ni. "Ìwọ náà lo ní iṣu ò tẹ̀ ẹ́."

"Iṣu ò jó."

Mo ṣàlàyé fún un, títí kan òpó tí yóò mú àjà dákẹ́, mo gbé pákó lé bíríkì, mo ṣe gbogbo ohun tí ọ̀gá ṣe. Ó gbọ́ mi yé. Èmi mọ ojú rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá yé e tí kò sì fẹ́ kó yé òun.

"Wọn á máa kọrin jẹ́jẹ́," ni ó wí.

"Àwọn akọrin yín? Lọ́jọ́ ìkórè?"

Ó pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. "Zoubérou, ọdún mẹ́tàdínlógún ni ọmọ yẹn fi jókòó sáàárín orin tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Ọlọ́run wá fi pákó bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ wá ní kí n fi òpó dí i lẹ́nu. Mi ò ní ṣe é."

Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní tó bá jẹ́ pé orí ọmọ náà ni yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀ ńkọ́? Mo ju tápù tí mo fi ń wọn igi mọ́lẹ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo lọ. Mo tún ní láti padà wá mú tápù náà. Barthélemy na án sí mi láìwo ojú mi.

Basirath ìyàwó mi gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà níbi tó ti ń gún iyán. Ó dá ọmọrí odó dúró. Ó ní, "Bàbá Houda, gbogbo yín lẹ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán. Ta ló ti bi Priscille?"



Ní Wẹ́sìdeè, àwọn akọrin tún gòkè. Mo ti tètè dé. Mo fọwọ́ pe Priscille wá sábẹ́ àjà kó tó gun àtẹ̀gùn, ó sì wá, ó ń rẹ́rìn-ín sí mi. Láti Sátidé ni ó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tí mo fún ní nǹkan ńlá. Mo gbé àga sí abẹ́ igi ìdábùú, mo ní kó gùn ún. Mo mú ìka rẹ̀, mo fi lé orí ìṣó náà. Lókè wa wọ́n gbé orin.

Ó kọ́kọ́ pa ojú dé, ó ń gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó la ojú. Ìṣó náà ń yọ bọ̀ lábẹ́ ìka rẹ̀. Ó tì í wọlé, ó tún yọ. Ó wo ibi tí igi ti wọ ògiri, ó rí ìyẹ̀fun tó ń dà sílẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì gbà á. Ọmọ tó ń rán aṣọ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí maṣíìnì láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ó mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí tí ìṣó rẹ̀ bá ń tú. Mo na ọwọ́ mi gbalaja bí àjà, mo jẹ́ kí ó wó. Mo na ìka kan sábẹ́ rẹ̀ bí òpó. Mo wá tọ́ka sí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì mi orí pé rárá, kò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ó yé e. Ó dúró lórí àga náà pẹ́, ìka rẹ̀ lórí ìṣó, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnìkan dá òun lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ fún un pé ó dùn mí. Mi ò mọ àmì tí a fi ń sọ ọ́. Mo gbé ọwọ́ lé àyà mi nìkan, omi sì ń bọ́ lójú mi, mi ò nù ún.

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sáàárín wọn, ó na apá méjèèjì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n sílẹ̀ bí ẹni ń da adìyẹ. Orin dá. Barthélemy sáré wá. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, ó ṣe àmì tí mo ṣe fún un: ọwọ́ gbalaja, ìka kan lábẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ mi orí pé rárá. Ó tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kẹta ni Barthélemy wá jókòó sórí àtẹ̀gùn, tó sọ fún mi láìgbójú sókè pé kí n ṣe é.

Mo rí igi tíìkì kan tó dúró ṣánṣán lóko ẹnìkan ní Agoua. Mo gbẹ́ ihò, mo tẹ́ òkúta sí i, mo gbé òpó náà nàró sábẹ́ igi kan tó gba abẹ́ àwọn ìdábùú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá. Nígbà tí mo parí lọ́jọ́ Sátidé, mo gòkè, mo fò bí ewúrẹ́. Àjà náà kò mì rárá. Iṣẹ́ tó dára jù tí mo tíì ṣe ni, mo sì kórìíra rẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè, èmi náà bọ́ bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà, mo dúró lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Tùràrí ń rú, iṣu tò lọ bẹẹrẹ níwájú. Àwọn akọrin gbé orin, ẹsẹ̀ wọn ń lọ sókè sódò ju ti ìgbàkígbà lọ, okùn mi kò sì kan igi rárá. Priscille dúró láàárín wọn. Mo rí i tó gbé ẹsẹ̀ kan, tó gbé e sílẹ̀, tó gbé èkejì. Ó dúró. Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ pàtẹ́wọ́, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó gba àárín wọn kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn. Kò sunkún. Ó ń lọ sí ọ̀nà ìta. Nítorí pé èrò pọ̀, ó ní láti gba abẹ́ àjà, ó sì fọwọ́ ti òpó bó ti ń kọjá, bí ẹnikẹ́ni ṣe máa ń ṣe.

Ọwọ́ náà kò kúrò níbẹ̀.

Ó yí padà. Ó fi ọwọ́ kejì kún un. Ó gbé etí tí kò gbọ́ nǹkan kan lé igi, ó gbé iwájú orí lé e, ó wá yí ẹ̀yìn sí i, ó fara tì í láti orí dé gìgísẹ̀, ó sì pa ojú dé. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lu itan rẹ̀, ó bá orin mu, kò ṣì í.

Mo lọ sí ẹ̀yìn òpó náà, lápá kejì, mo fara tì í bíi tirẹ̀. Mo dí etí mi méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ mi ò mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà mo mọ̀ ọ́n: wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ wá nínú igi, gbogbo àwọn ọgbọ̀n náà, ẹsẹ̀ wọn, ìlù wọn, wọ́n ń gba ẹ̀yìn mi kọjá lọ sínú òkúta tí mo tẹ́, jẹ́jẹ́, láìdáwọ́ dúró. Àjà kò dákẹ́. Ó kàn ń gba ibòmíràn sọ̀rọ̀ ni.

Mi ò rò pé ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin náà parí, ó kan igi náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Mo kàn án padà.